Bí Mo Ṣe Tọpa Orúkọ Herbert

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní London fẹ́ fi orúkọ bàbá wa àgbà sọ ọmọkùnrin tó wà nínú rẹ̀. Orúkọ Yorùbá bàbá kò fa àríyànjiyàn. Herbert tó wà nínú ìwé ìrìbọmi wọn ló ń kọ ọ́ lóminú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wádìí rẹ̀ kí n tó fi sórí ọmọ ọlọ́mọ," ló wí.

Ìtumọ̀ ni mo kọ́kọ́ wá. Àwọn ìkànnì orúkọ ọmọ ń kọ "jagunjagun olókìkí", ṣùgbọ́n mi ò gbé e mì bẹ́ẹ̀. Mo pín orúkọ náà sí méjì, mo wá ibi tí ìdajì kọ̀ọ̀kan tún ti jẹyọ. Ní èdè Jámánì àtijọ́, "heri" ni ọmọ ogun. Òun ló wà níwájú Herman, òun náà ló wà lẹ́yìn Walter. "Beraht" ni ohun tó ń tàn, tí a ń rí nínú Robert, Albert àti Gilbert. Ohun tí àwọn ìkànnì yẹn kì í sọ ni pé ìdajì méjèèjì kì í para pọ̀ di gbólóhùn bíi Ògúndélé tiwa. Àwọn ará ìgbà náà a máa yọ ìdajì kan lára orúkọ bàbá tàbí ti ìyá, wọn a fi so mọ́ òmíràn, kí ayé lè mọ ilé tí ọmọ ti wá. Nítorí náà, "ọmọ ogun" àti "ìtànṣán" ni mo kọ sílẹ̀, mi ò wá ọ̀rọ̀ tí màá fi so wọ́n pọ̀.

Ìtàn ló kàn. Ní àríwá England, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Herbert dá gbé ní erékùṣù inú adágún Derwentwater. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Cuthbert kú ní ọjọ́ kan náà ní 687. Ní Jámánì, Heribert jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Cologne títí ó fi kú ní 1021. Àwọn Norman tó ṣẹ́gun England ní 1066 náà gbé orúkọ yìí wọlé, àmọ́ nígbà tó yá ó ṣọ̀wọ́n, ó wá gbajúmọ̀ jù gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé àwọn ìjòyè Pembroke. Ó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó padà máa fi sọ ọmọ káàkiri: Herbert Asquith, tó di olórí ìjọba, ni wọ́n bí ní 1852, òǹkọ̀wé H. G. Wells, tí H rẹ̀ dúró fún Herbert, ní 1866.

Láàárín àwọn méjèèjì ni wọ́n bí Herbert tiwa, Macaulay, ọmọ-ọmọ Ajayi Crowther, ní Èkó ní November 14, 1864. Ibí yìí ni mo ti pẹ́ jù lọ, torí 1924 ni wọ́n bí bàbá wa àgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní 1920 Macaulay bá Olóyè Oluwa lọ sí London nítorí ilẹ̀ Apapa, nígbà tó sì di 1921, Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà, dá Oluwa láre. Ní 1923 ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀, wọ́n sì kó gbogbo ìjókòó mẹ́ta tí Èkó ní nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ta ni ọmọkùnrin tí wọ́n bí ní àdúgbò yẹn lọ́dún tó tẹ̀ lé e lè máa jẹ́ lórúkọ? Èmi ò rò pé ìyá bàbá wa àgbà ní ohun kankan bá àwọn ọmọ ogun Jámánì ṣe.

Ní ti bí orúkọ náà ṣe gbajúmọ̀ tó, mo lọ sí ìkànnì Social Security Administration ti Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ètò owó ìfẹ̀yìntì, tó ní orúkọ ọmọ láti 1880. Ẹ kíyè sí i: òfin tó dá ètò náà sílẹ̀ kò wáyé títí di 1935, nítorí náà iye àwọn ọdún ìṣáájú kò pé. Síbẹ̀, ẹ tẹ Herbert síbẹ̀, ẹ ó rí i tó fò sókè ní 1928 àti 1929, ìgbà tí wọ́n dìbò yan Herbert Hoover, tó sì gorí àga. Ọrọ̀ ajé dojú dé ní October 1929, àwọn òbí sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún orúkọ ààrẹ. Lónìí kò sí nínú ẹgbẹ̀rún orúkọ àkọ́kọ́ mọ́. Ní Jámánì pàápàá, orúkọ àgbàlagbà ni. Herbert Grönemeyer olórin, tí wọ́n bí ní 1956, ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa.

Mi ò fi ibi tó ń dùn ún pamọ́ fún àbúrò mi: ní London tó ń gbé, "herbert" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bú ọmọkùnrin tó jọ òpònú. Ó ní òun mọ̀, ìyẹn gan-an ló ń kọ òun lóminú. Ó ti wá pinnu pé orúkọ Yorùbá ni yóò ṣíwájú, Herbert á wà láàárín, ibi tí olùkọ́ kì í pè. Ọkọ rẹ̀ ṣì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ Robert.