Variateur tó ń dá mọ́tò tàn padà: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ níbi ìrin ẹ̀gẹ́

Bí iná bá ti ń ṣẹ́jú ní Kétu, ohun tí àwọn tó ń rin ẹ̀gẹ́ máa ń bẹ oníṣẹ́ iná ni pé kó ṣe é kí mọ́tò máa dá tàn fúnra rẹ̀. Variateur, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń darí ìyára mọ́tò, lè ṣe é lóòótọ́. Ẹ má tètè gbà fún wọn.

Ẹ wo ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́ dáadáa. Páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ló yí ìlù rẹ̀ ká. Iná lọ, ìlù dúró, ẹ̀gẹ́ olókùn há sí i lẹ́nu. Kí ni ìyá tó wà nídìí rẹ̀ máa ṣe? Á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí iná bá dé báyìí, tí wọn ò tíì pa súwíìṣì, ìlù á yí mọ́ ọn lọ́wọ́. Lórí irú ẹ̀rọ yìí, ẹ pa ètò dídá tàn padà náà pátápátá. Bọ́tìnì méjì tí a ń tẹ̀ tí a ń fi sílẹ̀ ni kí ẹ so mọ́ ọn, ọ̀kan fún títàn, ọ̀kan fún pípa, kí mọ́tò má gbéra àfi tí ẹnìkan bá tẹ̀ ẹ́. Ìlànà àgbáyé IEC 60204-1 náà kọ̀ ọ́ pé kí ẹ̀rọ tó lè ṣe ènìyàn léṣe máa dá gbéra nígbà tí iná bá padà dé.

Pọ́ǹpù fóráàjì, ìyẹn kànga tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ bọ̀ lè máa dá tàn nígbà tí iná bá lọ tó sì padà dé. Ẹ fún un láàyè díẹ̀ kí omi kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú páìpù, kí ẹ sì dín iye ìgbìyànjú rẹ̀ kù.

Àṣìṣe tó ń pa variateur fúnra rẹ̀ ni kí a ní kó máa tún gbogbo àbùkù gbìyànjú. Bí ó bá kọ ọ́ pé wáyà mọ́tò fara kanra, tàbí pé iná ń jò lọ sínú ilẹ̀, títàn padà kò wo nǹkan kan sàn. Ńṣe ni ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan ń jó inú rẹ̀. Ẹ fi megger, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iná ń jò lára wáyà, wọ̀n mọ́tò, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ tú wáyà rẹ̀ kúrò lára variateur, torí fóòtì (volt) 500 tí megger ń tú jáde lè bà á jẹ́.

Bọ́tìnì pípa tó wà lójú variateur kì í gé iná o! Disjoncteur, ìyẹn súwíìṣì tó ń gé iná tó ń wọlé, ni kí ẹ gé. Kódà bí ojú rẹ̀ bá ti ṣú, ohun tó lé ní 300 fóòtì ṣì lè wà nínú kàpásítọ̀ rẹ̀. Ẹ dúró fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kí ẹ sì fi mítà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó ṣí i.