Ibi tí ẹ ti lè mú texture fún iṣẹ́ títà

Ẹ̀yin ará wa l'Ábújá tí ẹ ń ta iṣẹ́ ọnà orí kọ̀ǹpútà, texture (àwòrán ojú nǹkan, bí igi tàbí ògiri, tí a fi ń bo ohun tí a yà) tó wà lábẹ́ CC0, láísẹ́ǹsì Creative Commons kan, ni kí ẹ máa lò. Ìkànnì Poly Haven àti ambientCG kún fún un. Ẹni tó fi iṣẹ́ sábẹ́ CC0 ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀, ẹ lè tún un ṣe, ẹ lè tà á, kò sì di dandan kí ẹ dárúkọ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí “free” lásán tàn yín o! Bí ẹ bá rí NC (NonCommercial) lára láísẹ́ǹsì Creative Commons, kì í ṣe fún ọjà. BY (Attribution) ní tirẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gba fáìlì náà sílẹ̀, ẹ ya àwòrán ojú ìwé láísẹ́ǹsì rẹ̀ (screenshot) pẹ̀lú ọjọ́, kí ẹ jọ kó wọn sínú fódà kan, nítorí wọ́n lè béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ yín lọ́la. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe texture tiyín, bí ògiri amọ̀ Zaria ńkọ́? Fóònù yín ti tó, ẹ yà á níbi tí oòrùn ò ti ràn tààrà. Àmọ́ o, CC0 ò bo àmì ilé-iṣẹ́ tó bá hàn nínú àwòrán. Ẹ gé e kúrò.