Eṣinṣin kékeré ẹlẹ́sẹ̀ gígùn: kí ló dé tí fọ́tò kì í fi í sọ orúkọ rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Bàrígà. Láràárọ̀, tí oòrùn bá ti kan ewé, àwọn eṣinṣin wẹ́ẹ́rẹ́ kan á bà lé e, aláwọ̀ ewé tó ń dán gbinrin, ẹsẹ̀ wọn gùn. Fọ́tò mẹ́fà ni mo fi han áàpù kan. Ó pe ọ̀kan ní ẹ̀fọn, ó pe òmíràn ní eṣinṣin ààtàn. Èwo ni kí n gbà? Ṣé kí n fín oògùn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má fín nǹkan kan. Ọdẹ ni wọ́n. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ara ewé mu ni wọ́n ń pa jẹ, èyí ló ń gbé wọn wá sórí tẹ̀tẹ̀ rẹ. Ẹnu ẹ̀fọn gùn bí abẹ́rẹ́. Tiwọn ò rí bẹ́ẹ̀. Eṣinṣin ààtàn ń dán lóòótọ́, àmọ́ ó ki pọ́pọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kúrú. Àwọn tìrẹ rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, wọ́n fi ẹsẹ̀ iwájú gbé àyà sókè. Ẹbí tí wọ́n ń pè ní Dolichopodidae ni wọ́n.

Ìbéèrè: Irú wo gan-an nínú ẹbí náà?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Irú tí àwọn onímọ̀ ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ nínú ẹbí yìí lé ní 7,000, òkè lo sì ti ya gbogbo fọ́tò rẹ. Láti òkè, ọ̀pọ̀ wọn jọra bí ìbejì. Wo Condylostylus àti Chrysosoma, ọ̀wọ́ méjì nínú ẹbí náà: àwọn méjèèjì ń dán. Irun tẹ́ẹ́rẹ́ orí ìwo wọn la fi ń yà wọ́n: ti Condylostylus hù lẹ́yìn ìwo, ti Chrysosoma hù ní ṣóńṣó rẹ̀. Fóònù kì í sábà rí i. Orúkọ ẹbí ni kó o kọ, kó o dúró síbẹ̀. Mo fẹ́ràn orúkọ kúkúrú tó dájú ju gígùn tí a méfò lọ.

Ìbéèrè: Bí mo bá tan fíláàṣì, ewé lásán ni mò ń rí nínú fọ́tò.

Ìdáhùn: Pa fíláàṣì náà. Kí kámẹ́rà tó yàwòrán tán, ìmọ́lẹ̀ náà ti lé eṣinṣin lọ. Oòrùn àárọ̀ tó. Bẹ̀rẹ̀, rọra sún mọ́ ọn láti ẹ̀gbẹ́, má ṣe jẹ́ kí òjìji rẹ bọ́ sórí ewé náà. Ya púpọ̀, kó o ṣa èyí tó mọ́lẹ̀.

Fọ́tò mẹ́ta ló ṣe pàtàkì: ojú àti ìwo, ìyẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ kí iṣan ibẹ̀ lè hàn, àti ẹ̀gbẹ́ ara. Lára àwọn méjì tí mo dárúkọ yẹn, iṣan kan ń là sí méjì bí ẹ̀ka igi kó tó dé etí ìyẹ́. Ní ẹ̀gbẹ́ ara, wo abẹ́ ikùn: akọ ní nǹkan kan tó ká síwájú níbẹ̀, òun ni àwọn onímọ̀ máa ń fi yanjú ọ̀rọ̀. Kọ ọjọ́, wákàtí àti irú ewé tó bà lé.

Bó o bá rí òkú ọ̀kan lójú fèrèsé, fi sínú ìgò kékeré pẹ̀lú spirit. Akọka ò jìnnà sí yín, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹranko sì wà ní UNILAG. Gbé e lọ síbẹ̀, pẹ̀lú àwọn fọ́tò rẹ.