Omi Oníyọ̀ Ló Jẹ Owó Bentonite Mi ní Àjàh

Bí mo bá ti rántí owó bentonite tó wọlẹ̀ lọ ní Àjàh, inú á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Borehole la lọ gbẹ́ níbẹ̀; bentonite ni ìyẹ̀fun amọ̀ tí a ń pò mọ́mi kó wú, kó ki, kí yanrìn má baà wó sínú ihò. Alájì tó gbé iṣẹ́ náà fún wa ló ní ká má wulẹ̀ pe tánkà, pé kànga wà nínú ọgbà àwọn, omi sì kún inú rẹ̀. Òótọ́ ni. Omi kún un, iyọ̀ náà kún un.

Bí a ṣe gbé ẹ̀rọ dúró, tí a gbẹ́ kòtò, kò yẹ kí n máa rò ó. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí a da bentonite sómi ni wàhálà dé. A rò ó títí, kò ki. Mo fi àrọ Marsh, èyí tí a fi ń mọ bó ṣe ki tó, wọ̀n ọ́n. Omi lásán máa ń lo ìṣẹ́jú àáyá 26 kí mílílítà 946 tó jò tán níbẹ̀. Tiwa kò ju 28 lọ, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ oníyanrìn bíi ti Àjàh ń fẹ́ nǹkan bí 40. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n fi àpò kún un. Mo fi kún un. Yanrìn ṣì ń wó lu páìpù. Ọmọṣẹ́ mi ní ká bu amọ̀ pupa sí i, mo ní kó panu mọ́: irú amọ̀ tí wọ́n ń pè ní kaolinite ló pọ̀ nínú amọ̀ pupa wa, ìyẹn kì í wú.

Ni mo bá bu omi kànga sínú ike kan, mo da píọ̀ wọ́tà sínú èkejì, mo wọn bentonite sí wọn dọ́gbadọ́gba, mo rò wọ́n. Nígbà tó yá, ti píọ̀ wọ́tà ti ki, ó ń fà. Ti kànga ti silẹ̀, omi dá lórí rẹ̀ bí omidùn lórí ògì. Mo ránṣẹ́ pe Alájì kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i. Wọn ò rí ọ̀rọ̀ sọ!

Montmorillonite, ìyẹn amọ̀ tó ń wú nínú bentonite, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ló tò léra. Omi tí kò níyọ̀ máa ń ráyè wọ àárín wọn, wọn a wú. Iyọ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n là. Wọn a ṣù mọ́ra, wọn a rì. Kí ni àpò mìíràn fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Tánkà náà la padà pè. A fi bentonite tuntun sílẹ̀ mọ́jú kó mumi yó, iṣẹ́ sì lọ geere. Èyí tó bá ti wú tán bẹ́ẹ̀ máa ń fara da iyọ̀ díẹ̀ tó bá bá pàdé nísàlẹ̀.

Soda ash, ìyẹ̀fun tí a ń dà sómi, tí wọ́n tà mọ́ ọn fún mi ṣì wà ní sítọ́ọ̀. Calcium inú omi ló ń ká lápá kò, kò rí iyọ̀ ṣe. Bí omi tiyín bá jẹ́ irú èyí tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀, òun lẹ máa kọ́kọ́ dà sómi, kí bentonite tó wọ̀ ọ́.