Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Eré Orí Fóònù Kọ́ Àwọn Tó Ń Gun Sùkútà Oníná Ní Ààbò Ojú Títì

Òfin ìlú ni kí ẹ kọ́kọ́ kó jọ, kí ẹ tó ya àwòrán kankan. Nínú ètò ìdánwò Lọ́ńdọ̀nù tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, sùkútà oníná tí wọ́n ń háyà, èyí tó ní táyà méjì téèyàn ń dúró gùn, kì í kọjá máìlì 12.5 ní wákàtí kan. Ẹni tó máa gùn ún gbọ́dọ̀ tó ọmọ ọdún 18, kó sì ní láísẹ́ńsì, ó kéré tán ti akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, èèwọ̀ ni.

Ewu kan ṣoṣo ni kí ìpele kọ̀ọ̀kan nínú eré náà dá lé, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ, torí ìdúró lẹ́ni tó ń ta á wà. Ẹ fi oríta hàn án bí ojú ẹni tó ń gùn ún ṣe máa rí i, kó fọwọ́ kan ibi tí ewu wà: ọkọ̀ ẹrù tó fẹ́ yà sósì, ilẹ̀kùn mọ́tò tó lè ṣí lójijì, kòtò. Kòtò tí kẹ̀kẹ́ gùn kọjá lè gbé sùkútà ṣubú, torí táyà rẹ̀ kéré. Bó bá ṣì í, ẹ fi ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ hàn án, kó tún un ṣe.

Ẹ má fún eré sísá tàbí iye ìrìn ní máàkì láé. Ìṣẹ́jú ni àwọn tó ń fi sùkútà háyà fi ń gbowó. Ìyẹn nìkan ti tó mú èèyàn kánjú! Ẹ má sì gba máàkì lọ́wọ́ ẹnì kan torí GPS, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi téèyàn wà, ní orí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ló wà: ó lè fi mítà mélòó kan ṣìnà. Fọ́tò ibi tó gbé sùkútà sí ṣeé gbára lé jù.

Bí sùkútà bá ti ń lọ, kí eré ti ara rẹ̀ pa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fi oríta mìíràn dán wọn wò, kó má baà jẹ́ ìdáhùn ni wọ́n há sórí.