Bàtà òkìrìkà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi dúró, kì í ṣe òkè

Àwọn tó gbọ́ pé mo ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ fẹsẹ̀ rìn kọjá Thorong La ní Nepal, òtútù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí. Òtútù wà, mi ò parọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣì ń dùn mí títí dòní ni owó bàtà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra bàtà nítorí ìrìn kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo san owó àtúnṣe, èmi ọmọ Ìjẹ̀bú tó máa ń ná ata títí ìyá aláta á fi máa bẹ̀ mí.

Kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí mò ń wí: "La" lédè Tibet ni ọ̀nà tó gba àárín òkè méjì kọjá. Thorong La fi 5,416 mítà ga ju ojú òkun lọ. Chappal Waddi ní Taraba, òkè tó ga jù ní gbogbo Nàìjíríà, 2,419 mítà ni. Ìjẹ̀bú-Òde tiwa kò tó 100. Bàtà tí èèyàn máa wọ̀ lọ síbẹ̀ kì í ṣe bàtà òde àríyá.

Ní oṣù Karùn-ún 2025, mo rí bàtà kan lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta òkìrìkà. Bàtà òkè gidi, ti Jámánì, awọ rẹ̀ nípọn, kò sí ibi tó ha lábẹ́ rẹ̀. Tuntun irú rẹ̀ kò lè dín ní ₦300,000. Ó pè é ní ₦45,000, mo ná an di ₦32,000. Mo gbé e délé, mo gbé e sórí tábìlì pálọ̀ bí ife ẹ̀yẹ. Ọkọ mi wò ó, ó ní, "Bàtà tí wọn ò wọ̀ rí, kí ló gbé e dé òkìrìkà?" Mo ní ìlara ló ń ṣe é.

Ilẹ̀ wa ò ní òkè, ṣùgbọ́n a ní Erédò, yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí Ìjẹ̀bú ká láyé àtijọ́. Ó gùn tó 160 kìlómítà, ògiri rẹ̀ sì ga tó 20 mítà láwọn ibì kan. Mo di gààrí kìlò mẹ́wàá sínú àpò ẹ̀yìn, mo gun ọ̀kadà lọ sí Òkè-Ẹ̀rí níbi tí wọ́n ní wọ́n sin Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin tí ìtàn ní ó ni iṣẹ́ yàrà náà, sí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, mo ń gùn ún padà. Ìyá àgbà kan tó ń ti oko bọ̀ dúró wò mí títí, ó wá bi mí pé kí ni mo sọ nù sínú yàrà.

Lọ́jọ́ kẹta, mò ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ òsì mi ṣàdédé fúyẹ́. Mo bojú wẹ̀yìn: ìsàlẹ̀ bàtà ti wà lórí ewé gbígbẹ, odindi, bí ẹni tò ó síbẹ̀. Mo fi àtàńpàkò tẹ ohun tó kù lábẹ́ bàtà, ó rún bí kúlíkúlì. Ẹsẹ̀ kan gíga, ẹsẹ̀ kan kúkurú, ni mo fi ru gààrí mi délé ọlọ́kadà.

Ẹ wá gbọ́ ti àtúnṣe. Mo gbé e lọ bá bàbá kan tó ń ránbàtà. Ó ku bí ọjọ́ mẹ́wàá kí Iléyá pé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìjẹ̀bú ti mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: Òjúde Ọba ń bọ̀ lọ́jọ́ kẹta ọdún. Bàtà kún ilẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, gbogbo rẹ̀ aláwọ̀ wáìnì, ti ẹgbẹ́ régbérégbé kan ṣoṣo.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, òkè ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́ gùn."

"Ọmọ mi, òkè ò níí sá lọ. Òjúde Ọba kì í dúró de ẹnì kan. Fi sílẹ̀, wá lọ́la."

Mo wá lọ́la. Ó di ọ̀túnla. Lọ́túnla, mo bá bàtà mi lórí bàtà ẹlòmíì: wọ́n fi bàtà tèmi, nítorí pé ó wúwo, tẹ bàtà aláwọ̀ wáìnì mọ́lẹ̀ kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ lè mú! Mi ò lè bínú sí àgbà, mo kàn ń mi orí. Lọ́jọ́ Òjúde Ọba fúnra rẹ̀, ẹṣin àwọn ìdílé Balógun ń kọjá, ariwo ń sọ, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ni èmi ń wò. Bàbá wà láàárín èrò, bàtà tirẹ̀ ń dán gbinrin. Lẹ́yìn ọdún ó ti ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́rin, ó ní òun ń sinmi.

Nígbà tó ṣe é tán, ó lo ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún ṣí. Ó fi òwú rán an, òjò oṣù Keje jẹ òwú. Ìgbà tí ti ọ̀tún náà já ni bàbá tó fi abẹ la àárín rẹ̀ hàn mí. Fóòmù tó wà láàárín awọ òkè àti rọ́bà ìsàlẹ̀, polyurethane ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹ wọ bàtà bí ẹ ò wọ̀ ọ́, ooru sì máa ń mú un yá. Bàtà mi ti lè wà ní stọ́ọ̀ ẹnì kan fún ọdún mẹ́wàá. Rọ́bà ìsàlẹ̀ ń dán, inú ti jẹrà. Gọ́ọ̀mù wo ló fẹ́ mú erùpẹ̀? "Mo rò pé o mọ̀," ni bàbá wí. Lẹ́yìn owó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta!

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá máa ra òkìrìkà, ẹ wo inú ahọ́n bàtà bóyá wọ́n kọ ọdún tí wọ́n ṣe é síbẹ̀. Ẹ tẹ àárín ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ sì ká a kó. Bó bá ní ìlà wẹ́wẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Àbúrò mi ní London ló bá mi ra tuntun, £170. Inú oṣù Kẹsàn-án ló dé, nọ́ńbà mi gan-an ló rà, èmi ni mo sì sọ nọ́ńbà yẹn fún un. Ó yẹ kí n fi ìdajì nọ́ńbà lé e nítorí ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn. Ẹ máa gbọ́ àbájáde rẹ̀.

Ti yẹ́lò káàdì àti Diamox, oògùn àìsàn tí ibi gíga ń fà, dókítà yín á ṣàlàyé. Físà ńkọ́? Àwọn ará ìlú míì ń gbà á ní pápákọ̀ òfuurufú Kathmandu. Àwa ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbà á ká tó kúrò nílé. Nípa gíga, Erédò kọ́ ẹsẹ̀ mi, kò kọ́ ẹ̀dọ̀fóró mi: tẹ́ ẹ bá ti kọjá 3,000 mítà, ibi tẹ́ ẹ máa sùn lónìí kò gbọdọ̀ fi ju 500 mítà ga ju ibi tẹ́ ẹ sùn lánàá lọ. Nígbà tá a wá lọ, òru méjì la lò ní Manang, ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà, kí ara wa lè mọ́ ibi gíga. Ní oṣù Kẹwàá 2014, ìjì yìnyín pa èèyàn tó lé ní ogójì lágbègbè Annapurna, níbi tí Thorong La wà, torí náà afinimọ̀nà wa kì í ṣeré. Bàtà ló kọ́kọ́ ní ká kó jáde. Ó ká tèmi kó, ó tẹ̀ ẹ́, ó mi orí pé ó dáa. Inú mi dùn bí ẹni gba oyè.

Mo dé orí Thorong La láàárọ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì tilé, ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, ìsinmi. Àwọn yòókù ń dúró de omi gbígbóná. Èmi da omi tútù sí gààrí Ìjẹ̀bú, mo gbé e mì. Ìsọ̀kalẹ̀ sí Muktinath, ìlú tó wà lódì kejì, ló jẹ mí níyà, ó lé ní 1,600 mítà, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń gbá iwájú bàtà. Èékánná méjì ló bọ́.

Nígbà tí mo délé, mo lọ kí bàbá. Awọ bàtà òkìrìkà mi wà níwájú rẹ̀, ó ti fi ṣe sálúbàtà. Ó ní kò ní tẹ ọgbẹ́ ẹsẹ̀ mi, ₦8,000 ni. Mo ná an di ₦5,500.