Tí ẹ bá fẹ́ kó Màmá àtàwọn ọmọ lọ wo igi redwood, orúnkún Màmá ni kó yan igbó

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Látìgbà tí mo ti gbé fọ́tò èmi àti Màmá lábẹ́ igi redwood, àwọn igi ràbàtà tó wà ní California yẹn, sórí status ni ìbéèrè ò ti jẹ́ kí n sinmi, ti Kabba ń bọ̀, ti Ìyàrá ń bọ̀, ti Ẹ̀gbẹ̀ náà ń bọ̀, gbogbo ẹni tó ṣáà ti lọ́mọ tàbí ẹ̀gbọ́n ní California ló fẹ́ mọ bá a ṣe ṣe é. Ẹ jẹ́ n kúkú kọ ọ́ síbì kan.

Ọ̀rọ̀ físà ná. Láti January 2026 ni Amẹ́ríkà ti dá físà àbẹ̀wò dúró fún àwa ọmọ Nàìjíríà, àmọ́ ẹni tí tiẹ̀ ti wà nínú páspọ́ọ̀tù ṣáájú ìgbà yẹn tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé, ìyẹn ò kàn án. Torí náà ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ kówó wá òun á bá yín ṣe é lábẹ́lẹ̀, ẹ yáa bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti ní tiẹ̀ nílẹ̀, ẹ máa bá mi bọ̀.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣìnà rèé: igi méjì ni o, kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀kan ga, ọ̀kan sanra. Èyí tó ga, etí òkun ló wà, láti apá ìsàlẹ̀ San Francisco lọ sókè títí dé Oregon, kùrukùru tó ń ti orí òkun wọlé ló ń fún un lómi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tó sanra, tí wọ́n ń pè ní giant sequoia, orí òkè Sierra Nevada lọ́hùn-ún ló wà. Láti Redwood National Park tó wà lókè pátápátá dé Sequoia National Park, ó lé ní wákàtí mẹ́wàá nínú mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Sacramento fẹ́ ká ṣe méjèèjì láàárín ọjọ́ mẹ́rin, mo ní ṣé o fẹ́ pa Màmá ni? Ẹ mú ẹyọ kan.

Tí àgbàlagbà bá wà nínú ìrìn yín, tèmi ni pé kẹ́ ẹ gba etí òkun lọ. Igbó kan tó ń jẹ́ Muir Woods ló sún mọ́ ìlú jù, láti San Francisco kò tó wákàtí kan tí gosiló ò bá sí, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, wọ́n to pákó sójú ọ̀nà tí wheelchair gan-an fi lè rìn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè kàn já síbẹ̀ o, láti 2018 ni wọ́n ti ní kéèyàn kọ́kọ́ gba àyè mọ́tò tàbí ti bọ́ọ̀sì sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì sí níbẹ̀ rárá, torí náà ẹ tẹ tíkẹ́ẹ̀tì náà sórí bébà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ má ṣe bíi tiwa tá a ń na fóònù sókè lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń wá MTN lẹ́yìnkùlé.

Àwọn tó lè fi nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà wa mọ́tò láti San Francisco, kí wọ́n lọ sí Redwood National gan-an lókè. Wọn kì í gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Ojú títì kan wà níbẹ̀, Newton B. Drury, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rìndínlógún, àárín igi ni ẹ ó máa wa mọ́tò gbà, Màmá ò ní láti sọ̀ kalẹ̀ pàápàá. Igi tó ga jù láyé, Hyperion, wà lágbègbè yẹn, ó ga tó mítà 115, ẹ gbé ìrókò kan lé orí ìrókò mìíràn, kò tíì tó o. Ṣùgbọ́n ẹ má wá a lọ o, láti 2022 wọ́n ti ti ibẹ̀ pa torí àwọn èèyàn ti fẹsẹ̀ tẹ gbòǹgbò rẹ̀ bà jẹ́, owó ìtanràn tó $5,000, ẹ̀wọ̀n náà sì wà níbẹ̀.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le ló ni Sequoia. Igi sequoia kan tí wọ́n ń pè ní General Sherman wà níbẹ̀, ìdí rẹ̀ tó mítà 31 téèyàn bá yí i po, igi yẹn ti wà kí wọ́n tó bí Jésù. Àtẹ̀gùn ni wọ́n máa ń sọ̀ lọ bá a, sísọ̀ dùn, gígùn padà ni ọ̀ràn, torí òkè ibẹ̀ ga débi pé èémí máa ń há. Ọ̀nà tó gun òkè náà lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ẹ mú ọ̀rá dání fáwọn ọmọ tó máa ń bì. Ẹ rọ epo kún táńkì kẹ́ ẹ tó wọlé, kò sílé epo nínú páàkì náà. Béárì wà níbẹ̀ o! Òórùn ẹja díndín tẹ́ ẹ dì sí búùtù lè mú un ya ilẹ̀kùn mọ́tò, inú àpótí irin tí ìjọba gbé síbẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó oúnjẹ sí. (Ẹran gbígbẹ láti ilé, ẹ gbàgbé ẹ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù á gbà á ní éápọ́ọ̀tù.) Owó ibẹ̀ náà ti wọ́n, láti 2026 àlejò tí kì í gbé Amẹ́ríkà, tó ti tó ọmọ ọdún 16, máa san $100 kún owó mọ́tò.

Ìgbà wo? Ọ̀sẹ̀ kìíní September ló dáa jù lójú tèmi, àwọn ọmọ tiwọn ti wọlé, tiwa ṣì wà nílé. Nígbà òtútù, yìnyín ni lórí òkè, òjò sì ni létí òkun. Ẹ mú swẹ́tà dání o, nínú August pàápàá, etí òkun yẹn máa ń tutù bí àárọ̀ ọyẹ́, Màmá fi ìborùn méjì bo ara, ó tún gba jákẹ́ẹ̀tì mi.

Igi tí mọ́tò ń gba inú rẹ̀ kọjá tẹ́ ẹ máa ń rí nínú fọ́tò, ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Leggett ní California ló wà, ẹlòmíì ló ni ín, owó lẹ ó san. Ihò rẹ̀ ò fẹ̀ ju bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, jíìpù ẹ̀gbọ́n mi ò lè wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ la fi rìn kọjá, Màmá ní kí ló dé téèyàn á fi dá ihò sínú igi, tí yóò wá jókòó síbẹ̀ máa gbowó.